Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà: kí ẹ tó ta ohun ìjà míì fún Vietnam, ẹ rántí ilẹ̀ Bien Hoa

Ẹ̀yin Ọlọ́lá tí ẹ wà nínú Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, ní Ilé Aṣòfin Àgbà àti ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, àdúgbò Alief ní Houston ni mò ń gbé. Apapa l'Ékòó ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò sì sí ìdìbò kan tí mo pa jẹ láti ìgbà náà. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi tí a jọ ń dìbò ní Texas, ní Maryland àti ní Georgia kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n sì bá mi dá sí i. Èyí tí mo tú sí Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí títa ohun ìjà kankan fún Vietnam mọ́, àfi tí owó tí a ó fi kó májèlé tí àwọn ọmọ ogun wa fi sílẹ̀ nígbà ogun kúrò nínú ilẹ̀ Bien Hoa, ìlú kan ní Vietnam, bá wà nílẹ̀ lọ́dún kan náà, nínú òfin kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di tèmi.

Ìyá kan wà tí ilé wa jọ fara kanra. Ọmọ Vietnam ni. Màmá ni mò ń pè é; òun náà ń pè mí ní ọmọ òun lédè tirẹ̀. Bí efinrin mi bá ti hù, mo máa ń já fún un, torí ewé kan tó jọ efinrin ni òun náà ń jẹ mọ́ ọbẹ̀ nílé wọn. Ní 1979 ni òun àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ìpẹja lóru, wọ́n sá fún ìjọba tó wà ní Hanoi, olú ìlú Vietnam. Títí dòní kò fẹ́ràn ìjọba yẹn, kì í sì í fi bò. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin kò bá wọn lọ. Ó wà ní Bien Hoa títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ìlú kan tí kò jìnnà sí èyí tí wọ́n ń pè ní Sàígọ́n láyé àtijọ́.

Lọ́jọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2016, Ààrẹ Barack Obama wà ní Hanoi, ó ní Amẹ́ríkà ti mú ìfòfindè ohun ìjà kúrò lórí Vietnam pátápátá. Èmi àti Màmá jọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé inú á bí i, torí àwọn tó lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀ ni a fẹ́ ta ìbọn fún. Kò fọhùn títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá wọ́n ti kó èyí tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú ilé àbúrò òun kúrò, kí wọ́n tó máa gbé òmíràn bọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ojú tì mí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kàwé nípa rẹ̀.

Ní 1984 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a ò gbọdọ̀ ta ohun ìjà tí ń pa èèyàn fún Vietnam, ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn tí Sàígọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá. Ogun tí Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn Vietnam ti Gúúsù láti bá ti Àríwá jà yẹn pa ju 58,000 ọmọ Amẹ́ríkà lọ, orúkọ wọn sì wà lára ògiri dúdú tó wà nílùú tí ẹ ti ń ṣòfin. Ti àwọn ará Vietnam, ìjọba wọn kéde ní 1995 pé sójà àti ará ìlú tó kú tó mílíọ̀nù 3. Lọ́dún yẹn gan-an ni orílẹ̀-èdè méjèèjì padà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Sẹ́nétọ̀ John McCain, tí wọ́n yìnbọn já bàálù rẹ̀ bọ́ sínú adágún ní Hanoi ní 1967, tó sì lo ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ní ẹ̀wọ̀n wọn, wà lára àwọn tó jà fún ìlàjà náà. Sẹ́nétọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John Kerry, tóun náà jagun níbẹ̀ wà lára wọn. Mo yíkàá fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, tó tún lọ na ọwọ́ sí ọ̀tá rẹ̀, irú èmi kọ́ ló yẹ kó máa bá a wí.

Òkun ló sọ ìlàjà di ọjà ohun ìjà. Ní oṣù Karùn-ún 2014, Ṣáínà wọ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wa epo, Haiyang Shiyou 981, lọ sítòsí erékùṣù Paracel, níbi tí Vietnam ní òun ló ni. Ọkọ̀ wọn ń forí sọ ara wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tu omi líle lu ara wọn. Nílé, inú bí àwọn ará Vietnam débi pé wọ́n ń dáná sun ilé iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba wa ní Vietnam lè máa ra ohun ìjà tó jẹ mọ́ ìṣọ́ òkun. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Obama ní kì í ṣe torí Ṣáínà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wo àwòrán òkun yẹn mọ̀ pé Ṣáínà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ Morgenthau, ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wa, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 115 mítà. Honolulu ni wọ́n ti fà á lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n sì kọ CSB 8020 sí i lára. Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń káàkiri etíkun Vietnam ní 1970 sí 1971, tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń kó ìbọn lọ fún ọmọ ogun Hanoi.

Nígbà tí mo ka ibi yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ ná, torí mo mọ ọmọ ìyá ọkọ̀ náà. Méjìlá irú rẹ̀ ni Amẹ́ríkà kàn. Chase, tóun náà ti débi ogun Vietnam, di NNS Thunder ti ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ní 2011. Gallatin di NNS Okpabana ní 2014. Ní Apapa wa, kò sí ọmọdé tí kì í dúró wo ọkọ̀ ogun tó bá ń wọlé. Okpabana yìí wà lára àwọn tó lépa ọkọ̀ epo Maximus tí àwọn olè ojú omi jí gbé ní oṣù Kejì 2016, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà sì gbà á padà ní apá São Tomé. Nítorí náà, ẹ má kà mí mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun ìjà tó dáa láti tà. Mo ti rí ohun tí ọkọ̀ ìṣọ́ lè ṣe fún ẹni tó ń jẹun lórí omi.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa erékùṣù Ly Son. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Quang Ngai. Láyé àwọn ọba wọn ni wọ́n ti ń rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ lọ sí Paracel, tí àwọn ń pè ní Hoang Sa. Ọ̀pọ̀ wọn lọ, wọn ò bọ̀. Nígbà tí kò sí òkú tí wọ́n máa sin, àwọn ẹbí á fi amọ̀ mọ ère èèyàn, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ibojì bí ẹni tẹ́ ọmọ wọn gan-an. Sàréè afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún, títí di àsìkò yìí, wọ́n ń ṣe ètùtù ìrántí fún àwọn tí omi gbé lọ wọ̀nyẹn. Àwa tí a wá láti ìlú ọlọ́mi náà mọ ohun tó jẹ́ kí ọmọ bá omi lọ, kí a má rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ àwọn ère amọ̀ wọ̀nyẹn kí n má ronú kan ìyá tó mọ ọ́n.

Ikú ojú omi yẹn ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ní 1974, Ṣáínà fogun gba Paracel lọ́wọ́ Vietnam ti Gúúsù. Ní 1988, ní Johnson South Reef, àpáta kan nínú òkun yẹn, wọ́n pa ọmọ ogun Vietnam 64. Ilé ẹjọ́ tó jókòó ní The Hague dájọ́ ní oṣù Keje 2016, nínú ẹjọ́ tí Philippines pè, pé ìlà tí Ṣáínà fà yí òkun ká kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Ṣáínà ní òun ò gbọ́. Ní oṣù Kẹrin 2020, ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Ṣáínà àti ọkọ̀ ìpẹja Quang Ngai kan forí sọra, ọkọ̀ apẹja rì, èèyàn mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀, orí ló kó wọn yọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n fi irin lu àwọn apẹja mẹ́wàá tó wá láti ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n dá àwọn mẹ́ta léegun. Apẹja ni wọ́n o, wọn ò gbé ìbọn.

Nítorí náà, ọkọ̀ ìṣọ́ àti ráda tí yóò jẹ́ kí apẹja wálé láàyè, mi ò bá a jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọjà náà ti ń kúrò níbẹ̀. Láti 2023 ni ìròyìn ti ń jáde pé wọ́n ń jíròrò lórí bàálù ogun F-16. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì rò pé a lè fi bàálù ra Vietnam kó máa bá wa ká Ṣáínà mọ́, kó lọ ka ìlànà ààbò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019: wọn kì í bá ẹnikẹ́ni dìpọ̀ jagun, wọn kì í gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè kan láti bá òmíràn jà, wọn kì í fún àjèjì láyè láti kó ọmọ ogun sílẹ̀ wọn, wọn kì í kọ́kọ́ fi agbára dẹ́rù bani. Àwọn àti Ṣáínà jagun ní 1979, wọ́n sì tún ń bá ara wọn ṣòwò lójoojúmọ́. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n bá múlé tì jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Bien Hoa.

Láti 1962 sí 1971, bàálù Amẹ́ríkà da oògùn tí ń pa ewéko sórí igbó àti oko Vietnam, ó lé ní mílíọ̀nù 70 lítà. Wọ́n fẹ́ kí igi wọ́wé kí ọ̀tá má rí ibi fara pa mọ́ sí, wọ́n fẹ́ kí ìrẹsì kú lóko kó má rí nǹkan jẹ. Agent Orange ló lókìkí jù nínú wọn, ìlà aláwọ̀ ọsàn tó wà lára àgbá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ dioxin. Pápákọ̀ òfurufú Bien Hoa wà lára ibi tí wọ́n kó o jọ sí jù lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú bàálù. Àgbá jò. Ó wọlẹ̀, àgbàrá òjò gbé e dé inú adágún, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ẹja jẹ nínú ẹrẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ jẹ níbẹ̀, èèyàn jẹ ẹja àti pẹ́pẹ́yẹ. Dioxin kì í bá omi ṣàn lọ. Inú ọ̀rá ló ń gbé. Ọ̀rá ẹja, ọ̀rá èèyàn, títí dé inú wàrà ọmú. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti gbé ọmọ tuntun lé àyà ìyá rẹ̀ ju iye tí mo lè kà lọ, ọ̀rọ̀ wàrà yẹn kì í jẹ́ kí n sùn.

Àbúrò Màmá sọ fún wa lórí fóònù pé wọ́n ti fòfin de ẹja pípa nínú adágún tó wà nítòsí pápákọ̀ náà. Ó ní kí òfin tó dé, nígbà tí òun ń tọ́mọ, ẹja ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kò ṣeé tún ṣe. A ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Ní Da Nang, ìlú mìíràn ní Vietnam, láàárín 2012 sí 2018, wọ́n kó ilẹ̀ olóró jọ sínú àpótí kọnkéré ńlá bí ààrò, wọ́n fi iná sè é kọjá 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí májèlé fi kúrò nínú rẹ̀. Nǹkan bí 90,000 mítà kúbíìkì ni wọ́n sè, owó tó wọlé sí i sì tó mílíọ̀nù 110 dọ́là. Màá fẹ́ kí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀ pé orílẹ̀-èdè wa ṣe iṣẹ́ yẹn, torí ó jẹ́ iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ti Bien Hoa ló tóbi jù, ilẹ̀ tó bàjẹ́ níbẹ̀ tó 500,000 mítà kúbíìkì. Sẹ́nétọ̀ Patrick Leahy ló ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019 nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun wa ṣèlérí mílíọ̀nù 150 dọ́là.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, bàálù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ T-6C márùn-ún àkọ́kọ́ nínú 12 tí Vietnam rà lọ́wọ́ wa gúnlẹ̀ sílé wọn. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjọba dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, iṣẹ́ Bien Hoa sì dúró pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí kòtò ilẹ̀ olóró ṣì wà ní ṣíṣí, tí àkókò òjò ń bọ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba àbúrò Màmá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kò bèèrè nípa bàálù. Ó bèèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ máa padà wá kí òjò tó rọ̀.

Mo ti tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn sójà wa tó dé Vietnam. Àtọ̀gbẹ ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, èmi ni mò ń wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún un láràárọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣòfin Agent Orange ní 1991 ni ìjọba ti ń san owó fún àwọn sójà tí oògùn yẹn bà lára jẹ́, àtọ̀gbẹ sì wà lára àìsàn tí wọ́n kà sí i. Ó tọ́, ó yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Vietnam gbé àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà lọ sí kóòtù ní New York, adájọ́ da ẹjọ́ wọn nù ní 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2009. Oògùn kan náà, àgbá kan náà. Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà: ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ilẹ̀kùn kóòtù ti tì. Ọwọ́ yín nìkan ló kù. Fún orílẹ̀-èdè bíi Vietnam, òfin ní kí ìjọba fi ọjà ohun ìjà ńlá tó yín létí, ó sì fún yín ní ọjọ́ 30 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọjọ́ 30 yẹn, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu yín jẹ́: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún Bien Hoa lọ́dún yìí, ṣé ó sì ti dé ọwọ́ àwọn tó ń walẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ìwé náà dúró lórí tábìlì yín. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìṣúná tí ẹ máa ń ṣe lọ́dọọdún fún iléeṣẹ́ ológun, kó má jẹ́ pé ààrẹ kan á máa ṣe é, èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á sì pa á tì.

Àwọn kan nínú yín á ní tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, Rọ́ṣíà ni Vietnam máa padà sí. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìjà wọn, títí kan ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́fà tí wọ́n ṣe àdéhùn rẹ̀ ní 2009. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí mo di ẹrù lé lórí. Àwa ni. Kò sí ohun tí Vietnam fẹ́ ṣe kí ọjà tó lọ. Ojúṣe tiwa ni ká ṣe. Tí a bá san owó ilẹ̀ lásìkò, ọjà ò ní fi ọjọ́ kan pẹ́. Bí ẹ bá sì ń wá ohun tí Ṣáínà ò lè bá wa du lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀, ó ti wà níbẹ̀. Ṣáínà lè kọ́ ilé iṣẹ́ fún wọn, ó lè la ojú irin. Ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa bàjẹ́, àwa nìkan ni wọ́n ń wojú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò lè gbé mì. Ní 2016, nígbà tí Obama lọ síbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ò jẹ́ kí àwọn kan nínú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó pè wá bá a jókòó dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2021, kóòtù Hanoi rán akọ̀ròyìn Pham Doan Trang lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án nítorí ohun tó kọ. Mo wá láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ti akọ̀ròyìn mọ́lé láyé ìjọba ológun, mo mọ bí inú ilé ṣe ń rí tí bàbá tàbí ìyá bá wà látìmọ́lé torí ìwé. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ bu ọwọ́ lu ọjà míì, ẹ dárúkọ obìnrin yìí sójú àwọn tó wá rà á. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ketekete, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó fẹ́ lọ rí àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́. Mo ti fi nọ́ńbà fóònù mi sínú èyí tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín tàbí nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín bá fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni mi kì í lọ síṣẹ́. Màá jókòó tì í, ọmọ rẹ̀ yóò sì ṣe ògbufọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Yorùbá, olùdìbò ní Alief, Houston, Texas.